Benz C-Class tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì: èyí tó yẹ ní rírà àti èyí tó yẹ ká sá fún

Láti Àgbárá títí dé Sẹ̀mẹ̀, ó ṣòro kí ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ kí ẹ má bá C-Class níbẹ̀. Ti 2002 wà, ti 2006 wà, ti 2010 náà wà. Wọ́n ti fọ gbogbo wọn mọ́, ìràwọ̀ iwájú ń dán, ẹni tó ń tà á yóò sì sọ fún yín pé Benz ni Benz ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹ lè rí méjì tí ara wọn jọra délẹ̀, ọ̀kan 2005, èkejì 2006. Ọ̀kan á sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọdún, èkejì lè ní kí ẹ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ibi tí iléeṣẹ́ ti dín ìnáwó kù lọ́dún tí wọ́n ṣe é ló fa ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ràn Benz, tó mọ bó ṣe yẹ kí ilẹ̀kùn Benz dún nígbà tó bá pa dé, ni a kọ àyẹ̀wò yìí fún. Oríṣi méjì la ó yẹ̀ wò: W203, tí iná iwájú rẹ̀ jẹ́ róńdó méjì tó so pọ̀, àti W204 tó tẹ̀ lé e, tí iná tirẹ̀ ní igun.

Títí wọ inú àwọn ọdún 1980, ẹnjiníà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Stuttgart, níbi tí iléeṣẹ́ Mercedes wà. Wọ́n á ṣe ọkọ̀ bó ṣe tọ́ lójú wọn, wọ́n á ro iye tó ná wọn, wọ́n á fi èrè lé e, iye tó bá já sí ni oníbàárà yóò san. W124 tí gbogbo wa mọ̀ sí V-boot, tó jáde nípàrí 1984, ni ẹ̀rí rẹ̀ tó ṣì ń rìn káàkiri títí dòní. Ní 1989, Toyota gbé Lexus LS 400 lọ sí ọjà Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà dákẹ́ minimini, ó dúró dáadáa, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti S-Class. Mercedes ní láti yí ọ̀nà padà. Láti 1993, nígbà tí Helmut Werner di ọ̀gá níbẹ̀, iye tí ọjà máa gbà ni wọ́n wá ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Wọ́n á yọ èrè kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì pín èyí tó kù fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ní kí rédíétọ̀ má ju iye báyìí lọ, ẹni tó ń ṣe rédíétọ̀ ni yóò mọ ọgbọ́n tí yóò dá. Ní 1998 wọ́n da ara pọ̀ mọ́ Chrysler, wọ́n sì jọ wà bẹ́ẹ̀ títí di 2007. Àárín àwọn ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣe W203.

Mercedes nìkan kọ́. Nígbà tí Porsche fẹ́ kógbá sílé níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Wendelin Wiedeking tó jẹ́ ọ̀gá wọn pe àwọn ará Japan tó mọ ètò iṣẹ́ Toyota wá. Wọ́n sì ṣe Boxster ti 1996 àti 911 ti 1997 tí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn iwájú àti iná iwájú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ètò yẹn gba Porsche là, ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àmọ́ inú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lásìkò náà ni bíárì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní IMS. Bí bíárì yẹn bá fọ́, ẹ́ńjìnì bá a lọ, ọ̀pá tó gbé e kò sì kúrò pátápátá títí ẹ́ńjìnì tuntun fi dé ní ọkọ̀ 2009. Ní BMW, ike ni wọ́n fi ṣe ìgò omi àti ilé thermostat ọkọ̀ 3 Series tí wọ́n ń pè ní E46, ooru á máa jẹ ẹ́ títí yóò fi sán lójijì lójú títì. Ti Saab ló burú jù. GM rà á tán ní 2000, ó mú TrailBlazer ti Chevrolet, ó fi àmì Saab sí i, ó pè é ní 9-7X. Kò sí olólùfẹ́ Saab kan tí ẹ lè fi ìyẹn tàn jẹ, ní ìparí 2011 iléeṣẹ́ náà sì wọ gbèsè tí kò jáde nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ibi tí wọ́n ti gé owó kì í hàn sójú. Àga ṣì ń tura, ọ̀dà ṣì ń dán. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, inú gíà àti kọ̀rọ̀ tí tọ́ọ̀ṣì kò dé ni wọ́n ti gé e. Páàtì tó bàjẹ́ kì í sábà wọ́n, iṣẹ́ tí mẹ́káníìkì máa ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án ló ń gbọ́n owó èèyàn gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú C240 ní àkọ́kọ́, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú W203 tó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ́ńjìnì 112 ló wà nínú rẹ̀, V6 oní-2.6 lítà, agbára ẹṣin 168. Ṣéènì onílà méjì ló ń yí i, a kì í sì í gbọ́ pé ó já. Púlọ́ọ̀gì méjìlá ló ní, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì á pààrọ̀ èyí tí ọwọ́ wọn tètè tó, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Tí ẹ bá sanwó púlọ́ọ̀gì, ẹ gba àtijọ́ méjìlá padà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bíi lítà mẹ́jọ ọ́ìlì ló ń gbà, 5W-40 tí wọ́n kọ MB 229.5 sí lára. Ẹni tó bá rọ lítà márùn-ún sí i torí pé bẹ́ẹ̀ ni Camry ṣe ń gbà ti fẹ́ pa ẹ́ńjìnì náà. Ọ́ìlì máa ń jò láti ibi ìdérí àtẹ́gùn tó wà lórí ìdérí fáàfù, ẹ óò gbọ́ òórùn rẹ̀ tó ń jóná lórí ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ìyẹn kò tó nǹkan, gásíkẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù ló máa yanjú rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá kú nígbà tó gbóná, tó tún jí nígbà tó tutù, sẹ́ńsọ̀ crankshaft ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí kí ẹnikẹ́ni tó tú pọ́ǹpù epo. Ní tiwa, èyí ni ẹ́ńjìnì tó kẹ́yìn nínú C-Class tí ẹnjiníà borí oníṣirò owó.

Àbùkù C240 tó le jù wà nínú rédíétọ̀ rẹ̀. Inú ilé kan náà ni omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára àti ọ́ìlì gíà ń gbé, ògiri tín-ín-rín ló là wọ́n láàárín. Lára àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2000 sí 2003, àwọn kan gba rédíétọ̀ Valeo tí ibi tí páìpù ọ́ìlì ti wọ inú ike rẹ̀ kò lágbára tó. Bí ibẹ̀ bá sán, omi á wọ inú ọ́ìlì gíà. Kò ní kán sílẹ̀, kò sì ní tan iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àmì tí ẹ óò rí ni pé láàárín 50 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò wúwo lórí ìtẹ̀sẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ yín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì dáwọ́ dúró. Àwọn ẹlòmíràn á ní táyà ni, wọ́n á sì lọ báláǹsì táyà lásán. Àwọn mìíràn á ní gíà ti kú, wọ́n á rán yín lọ sí Ládípọ̀. Ẹ óò ra gíà òmíràn, ẹ óò dè é mọ́ rédíétọ̀ àtijọ́, kò ní pẹ́ tí ìyẹn náà á fi mu omi.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gíà ṣáájú. Èyí tí iléeṣẹ́ Behr ṣe kò ní àrùn yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ìlì gíà àtijọ́ tán, títí kan èyí tó wà nínú torque converter tó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíà, ẹ fi ọ́ìlì tuntun ti omi àtijọ́ jáde nínú páìpù, ẹ pààrọ̀ fílítà àti gásíkẹ́ẹ̀tì pan. Tí ìgbọ̀n bá ṣì kù, torque converter ló kàn, torí omi ti wọ awọ inú rẹ̀. Kí ẹ má sì rọ omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀ tuntun náà. Coolant tó bá MB 325.0 mu ni, ìdajì rẹ̀ àti ìdajì omi tí wọ́n ti sè yọ iyọ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì.

Ohun kékeré kan wà lára gíà onímárùn-ún C240 tó yẹ kí ẹ fojú ara yín rí. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni wáyà onípíìnì mẹ́tàlá ti wọlé, ike kan tí rọ́bà róńdó méjì yí ká ló sì gbé e dání. Nígbà tó bá yá, rọ́bà náà á gan, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín okùn bàbà inú wáyà, díẹ̀díẹ̀, yóò gun òkè títí tí yóò fi dé inú kọ̀ǹpútà gíà. Ní ọjọ́ tó bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ á há sí gíà kejì, ẹnikẹ́ni kò sì ní ronú pé rọ́bà tí kò ju òrùka lọ ló dá a sílẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ yí òrùka tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fa wáyà jáde. Tí ọ́ìlì bá ti wà lórí píìnì, ẹ tú bóòtù 7 mm kan ṣoṣo tó wà láàárín, ẹ fa ike náà yọ, ẹ ti tuntun wọlé, ẹ sì fọ píìnì mọ́. Wọ́n sọ lásìkò yẹn pé ọ́ìlì inú gíà yìí máa wà títí ayé ọkọ̀, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́, Mercedes fúnra wọn padà yí ọ̀rọ̀ náà. Ní ojú ọjọ́ tiwa, ní gbogbo 60,000 kìlómítà ni kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, kí ọ́ìlì náà sì jẹ́ MB 236.14.

C180 Kompressor àti C200 Kompressor tó ti Yúróòpù wá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti 2002 ni ẹ́ńjìnì 271 ti wà nínú wọn, òun náà ló wà nínú C230 Kompressor ti 2003 sí 2005. Ṣéènì onílà kan ni wọ́n fi sí i, eyín irin tó ń yí camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, sì máa ń jẹ. Tí ẹ bá ta á ní òwúrọ̀, tó dún gbaragada fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún kó tó dákẹ́, ṣéènì ti fà. Tó bá fo eyín, fáàfù á kan pístìn. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á, àyàfi tí ìwé bá wà pé wọ́n ti pààrọ̀ ṣéènì pẹ̀lú gíà orí camshaft méjèèjì. Ṣéènì nìkan kò tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni C230 àti C280 ti 2006 àti 2007. Àwọn ni wọ́n gba ipò C240 àti C230 Kompressor. Ara wọn kò yàtọ̀ sí ti 2005, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san owó lé e, torí pé wọ́n rò pé tuntun sàn ju àtijọ́ lọ. Ẹ́ńjìnì 272 ni wọ́n gbé sínú wọn, 2.5 lítà tàbí 3.0 lítà, ó sì dùn ún wà ju 112 lọ dáadáa. V6 tó la ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n 90 kì í lè ṣe kó má gbọ̀n, torí náà wọ́n fi balance shaft sí àárín V náà láti pa ìgbọ̀n rẹ̀, ṣéènì ẹ́ńjìnì sì gba orí gíà kékeré tó wà lórí ọ̀pá yẹn kọjá. Ẹ́ńjìnì 112 náà ní balance shaft, ti inú rẹ̀ kì í sì í yọ wá lẹ́nu. Àmọ́ fún 272, irin lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi iná dè, ni wọ́n fi ṣe gíà kékeré náà. Ọ̀nà yìí dín owó kù gan-an, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló sì ń lò ó láìsí wàhálà. Èyí tí wọ́n lò síbí ni kò le tó. Eyín rẹ̀ á máa jẹ lábẹ́ ṣéènì, camshaft á máa pẹ́ sẹ́yìn àkókò rẹ̀, iná check engine á sì tàn. Kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ti Mercedes á kọ 1200 tàbí 1208. Èyí tí gbogbo èèyàn ń lò lè kọ P0016 tàbí P0017.

Gíà náà fúnra rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́. Àmọ́ kí ọwọ́ tó kàn án, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ jáde pátápátá nínú ọkọ̀, ìdérí iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí, ṣéènì gbọ́dọ̀ bọ́, balance shaft gbọ́dọ̀ yọ. Nígbà tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni kí wọ́n dá ṣéènì àtijọ́ padà, torí náà ṣéènì, tensioner tó ń fà á le àti gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì á di tuntun. Àwọn kan á ní àwọn á fi kọ̀ǹpútà pa iná náà. Iná á kú, ọkọ̀ á tà, ẹni tó rà á ni yóò sanwó. Àwọn mìíràn á yọ magnet camshaft, wọ́n á fi tuntun sí i, nítorí pé kóòdù náà dárúkọ camshaft. Iná á tún padà.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ó wà lára búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn, nítòsí ibi tó ti pàdé gíà. Ẹ máa nílò tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 272. Ẹ wo òǹkà mẹ́fà tó kẹ́yìn lẹ́yìn 30: tó bá kéré sí 468993, gíà àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. E350 ti 2006 náà wọ inú ẹjọ́ yìí, torí ẹ́ńjìnì 272 kan náà ni.

W204 dé lẹ́yìn ìyẹn. C300 tó ti Amẹ́ríkà wá, láti 2008 títí dé 2012, ẹ́ńjìnì 272 oní-3.0 lítà tó ní agbára ẹṣin 228 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gíà onímeje. Wọ́n ti yí gíà balance shaft padà kí púpọ̀ nínú wọn tó jáde, síbẹ̀ ẹ ka nọ́ńbà náà. Ara rẹ̀ le ju ti W203 lọ, ó sì hàn pé iléeṣẹ́ gbọ́ ariwo oníbàárà. Àmọ́ ike ṣì wà níbi tí kò yẹ kó wà. Lórí manifold tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, apá kékeré kan wà níwájú tó ń ṣí ilẹ̀kùn inú rẹ̀, tó sì ń pa á dé. Ike ni wọ́n fi ṣe é. Èéfín ọ́ìlì á gan mọ́ ilẹ̀kùn náà, apá á kán, kóòdù P2004, P2005 tàbí P2006 á jáde. Iléeṣẹ́ kì í ta apá náà lọ́tọ̀, odidi manifold ni wọ́n máa ní kí ẹ rà. Àwọn mìíràn tó ń ṣe páàtì, tí kì í ṣe iléeṣẹ́ Mercedes, ti ń ta apá alumínìọ́mù tó dára. Ẹ fọ manifold náà mọ́ kí ẹ tó dè é sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò tó ń yí i ni yóò kàn. Níwájú ẹ́ńjìnì kan náà, magnet mẹ́rin ló wà fún camshaft. Ẹ yọ wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi tíṣù funfun nu inú rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá wà lórí tíṣù, ẹ pààrọ̀ magnet náà kíá kí ọ́ìlì tó rìn dé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn W204 ló ń dààmú èèyàn jù lọ, torí kì í kìlọ̀ púpọ̀. Mọ́tò kékeré kan wà lára ọ̀pá sítíárìn tó ń tì í, tó sì ń ṣí i. Tí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀, “sííì” kúkúrú kan, kí dáṣíbọ́ọ̀dù tó tàn. Búrọ́ọ̀ṣì inú mọ́tò yẹn máa ń jẹ tán. Lọ́jọ́ kan ẹ óò ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ohùn kò ní dún, iná kankan kò ní tàn, ọkọ̀ á di òkúta níbi tó wà. Rìwáyà tí kò mọ̀ á ní bátìrì ni, á ní kọ́kọ́rọ́ ni, á ní bíréènì bọ́ọ̀kìsì ni. Tó bá ti ń mú un ní ìgbà mìíràn, tó ń kọ̀ ọ́ ní ìgbà mìíràn, ọjọ́ tó bá mú un ni kí ẹ wakọ̀ náà lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè ka kọ́kọ́rọ́ Mercedes, kó fi emulator, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe bí ẹni pé mọ́tò náà ṣì wà, dípò rẹ̀. Tó bá kú sí ipò tí sítíárìn ti tì, wọ́n máa ní láti gé irin kí wọ́n tó ráyè yọ ọ́, iṣẹ́ náà á sì di ìlọ́po.

Iná ẹ̀yìn W204 náà ní tirẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé iná padà kéré jù fún ẹrù tó rù, ẹnu rẹ̀ á gbóná, ike á yọ́. Amẹ́ríkà pè é padà nítorí rẹ̀ ní 2014. Ẹ gé ẹnu tó jóná kúrò, ẹ fi wáyà 2.5 mm dè é tààrà, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kì í ṣe kí wọ́n kàn lọ́ ọ pọ̀. Fún gíà onímeje, kò sí ọ̀pá tí ẹ lè fà wò. Pan rẹ̀ ní páìpù kékeré nínú, ìgbà tí ọ́ìlì bá dé 45°C, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ń ṣí i kí èyí tó pọ̀ jù kán jáde. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà tó lè ka ooru gíà kò lè wọn ọ́ìlì yìí dáadáa.

Àgbádárìgì wà létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kò sì mọ ojú ìràwọ̀. W203 kò fara da ìpẹtà rárá, pàápàá àwọn tó jáde kí 2004 tó dé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi ìka ra ìsàlẹ̀ wọn níbi tí rọ́bà ti pàdé irin. Tí ọ̀dà bá wú lábẹ́ ìka, irin ti ń jẹ láti inú síta. Ẹ wo ẹnu ibi tí táyà wà, ẹ wo ìdí ìmúdání búùtù, ẹ wo ibi tí jáàkì ń tì. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré rìn lára rẹ̀. Níbi tí kò bá ti mú, pọ́tì àwọn pánẹ́bítà ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ W204, ẹ wo férémù ẹ̀yìn tó gbé dífù, òun náà máa ń dípẹtà, pàápàá lára ọkọ̀ tó ti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá òkun gbọ́dọ̀ máa fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Omi òjò tún wà. Ní ìsàlẹ̀ dígí iwájú, ihò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tí ewé bá dí i, omi á kún ibẹ̀, yóò sì wọ inú àpótí fúúsì W203 tí SAM wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín iná fún wáípà àti àwọn iná ọkọ̀. Nígbà tí wáípà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí iná kan ń tàn tí òmíràn ń kú, omi ti dé ibẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ kó ewé jáde, ẹ da omi sínú ihò náà, kí ẹ rí i pé ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù náà sókè ní apá òsì. Rọ́bà iná ẹ̀yìn tó ti gan máa ń jẹ́ kí omi wọlé síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta á. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ẹ sọ pé ẹ máa padà wá lọ́la, ẹ́ńjìnì tutù ni ṣéènì ti ń sọ òótọ́. Ẹ mú ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè ka gíà, SAM àti sítíárìn lọ, ELM327, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, kò rí ju ẹ́ńjìnì lọ. Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ gba ibi tó gbà 80 ní wákàtí kan àti ibi tí títì ti sán, torí búùṣì apá iwájú ni ọ̀nà Àgbádárìgì kọ́kọ́ ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún yẹ kóòdù wò. Èyí tí wọ́n pa ní àárọ̀ lè ti padà.

Nínú gbogbo wọn, C240 ti 2005 tí ara rẹ̀ kò dípẹtà ni a fẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, C300 ti 2010 tàbí 2011 sì ni fún ẹni tó lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. C280 ti 2006 tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré kò yẹ ní rírà ní iye kankan, àfi tí ẹ bá ti fi owó sísọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kún un kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ẹ yẹ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wò pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, torí náà ọkọ̀ tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín níbikíbi. Kí nọ́ńbà tó wà lórí ìwé bá èyí tó wà nísàlẹ̀ dígí iwájú mu, lẹ́tà kan sí òmíràn. Ti W203 Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDBRF, ti W204 pẹ̀lú WDDGF. Tí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, tàbí tó ní kò sí àyè láti gbé ọkọ̀ sókè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ lọ wo ti ibòmíràn. C-Class kò wọ́n lójú ọ̀nà yìí.